Kọ̀ǹpútà fún géèmù àti fídíò: ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, àti bí ẹ ó ṣe rà á ní Ògbómọ̀ṣọ́

Láti Under G títí dé Takie, ìbéèrè kan náà ni mo ń gbọ́: “Kọ̀ǹpútà mi ń fà, kí ni kí n kọ́kọ́ pààrọ̀?” Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tó ń gbá géèmù bọ́ọ̀lù EA FC ń béèrè rẹ̀. Àwọn tó ń ya fídíò ìgbéyàwó àti òkú àgbà náà ń béèrè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti ní ìdáhùn lọ́kàn kí wọ́n tó la ẹnu: graphics card ni, ẹ̀yà tó ń ya àwòrán sójú ẹ̀rọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, òun kọ́ ló ń fà á, owó á sì ti lọ kí wọ́n tó mọ̀.

Ìdáhùn kúkúrú rèé fún ẹni tó ń kánjú. Ẹ wádìí ohun tó ń fa ẹ̀rọ yín sẹ́yìn. Ẹ tún ọ̀rọ̀ iná yín tò. Bó bá jẹ́ hard disk ló wà nínú rẹ̀, ẹ fi SSD (ibi ìpamọ́ fáìlì tí kò ní ohun tó ń yí nínú) rọ́pò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí RAM, ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, tó 16GB. Lẹ́yìn èyí ni kí á tó máa sọ̀rọ̀ graphics card. Processor, ọpọlọ ẹ̀rọ náà, ló kẹ́yìn.

Mi ò ní kọ iye owó síbí. Ọjà kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé dọ́là, bẹ́ẹ̀ ni láti òpin 2025 ni RAM ti gbówó lórí káàkiri àgbáyé torí pé àwọn iléeṣẹ́ AI ń kó o lọ́pọ̀ yanturu. Iye tí ọ̀rẹ́ yín rà á lọ́dún tó kọjá kò wúlò mọ́. Ẹ béèrè ní ìsọ̀ méjì ó kéré tán, lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ rà á gan-an.

## Ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó ń fà á sẹ́yìn

1. Bó bá jẹ́ laptop, ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́. Laptop tó ń lo bátìrì a máa dín agbára ara rẹ̀ kù, ohun tí ẹ bá rí á sì ṣì yín lọ́nà.
2. Ẹ ṣí iṣẹ́ tó máa ń fà gan-an: géèmù yẹn fúnra rẹ̀, tàbí fídíò tí ẹ ń ẹ́dìtì lọ́wọ́.
3. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀. Task Manager á ṣí. Ẹ bọ́ sí Performance.
4. Ẹ máa bá iṣẹ́ lọ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, kí ẹ máa yọjú wo CPU (processor), Memory (RAM), Disk àti GPU (graphics card). Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀.
5. Ẹ fi sọ́fítíwìà HWiNFO wo bí ẹ̀rọ ṣe ń gbóná tó. Ọ̀fẹ́ ni.

Bí Memory bá ń ga ju 85% lọ tí Disk náà ń sáré kíkankíkan, RAM ló kéré. Windows ti ń fi disk ṣe RAM nìyẹn. Bí Disk bá dúró sí 100% nígbà tí ohun tó ń gbé kò ju MB díẹ̀ lọ, hard disk ló ń fà yín. Bí CPU bá wà ní 100% nígbà tí GPU ń sinmi, processor ni, tàbí kí sọ́fítíwìà yín máa lo CPU fún iṣẹ́ tó yẹ kí GPU ṣe. Ẹ yẹ ètò inú rẹ̀ wò kí ẹ tó bínú sí ẹ̀rọ.

Fún géèmù, àyẹ̀wò kan wà tí kì í tanni. Ẹ dín resolution, ìyẹn bí àwòrán ṣe mọ́ kedere tó, kù láti 1080p sí 720p. Bí FPS, ìyẹn iye àwòrán ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bá fò sókè, graphics card ló ń fà yín sẹ́yìn. Bí FPS kò bá yí padà, kò sí graphics card tó máa ràn yín lọ́wọ́: processor tàbí RAM ni kí ẹ kọjú sí.

Bí ìgbóná bá sì ń dé 95°C, ẹ má tíì ra nǹkankan. Ẹ̀rọ tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ a máa rọra rìn kó má baà jóná. Eruku ni kí ẹ kọ́kọ́ bá jà.

## Ohun tí ẹ lè ṣe láìná owó

Ẹ gbọn eruku. Láti Oṣù Kọkànlá títí wọ Oṣù Kejì ni ọyẹ́ máa ń da eruku sínú ilé, èyí tó sì wọ inú laptop kì í jáde fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti tú laptop rí lẹ́yìn ọyẹ́ á mọ̀ ọ́n: láàárín fáànù àti irin pẹlẹbẹ tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gbà jáde, eruku á ti ki pọ̀ bí òwú tó lọ́, afẹ́fẹ́ ò sì ní ríbi gbà. Ẹ fi blower fọ́n ọn, àmọ́ kí ẹ fi ìka di fáànù mú kó má baà yí; bí blower bá ń yí i lódìlódì, ó lè bàjẹ́. Ẹ̀rọ tó ti lò ju ọdún 3 lọ tún yẹ kó gba thermal paste tuntun (ọ̀rá tó ń gbé ìgbóná kúrò) lórí processor.

Ẹ lo proxy fún fídíò. Ìmọ̀ràn tí mò ń tẹnu mọ́ jù nìyí, torí ó ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀dítọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ìnáwó. Proxy ni ẹ̀dà kékeré fídíò yín, tí ẹ fi ń gé tí ẹ fi ń lẹ̀, nígbà tí ojúlówó fáìlì ń dúró de ìgbà tí ẹ ó gbé iṣẹ́ jáde.

- Nínú Premiere Pro: ẹ fi right-click sórí fídíò nínú Project panel, ẹ yan Proxy, lẹ́yìn náà Create Proxies.
- Nínú DaVinci Resolve: ẹ fi right-click sórí fídíò nínú Media Pool, ẹ yan Generate Proxy Media.
- Ẹ jẹ́ kó máa ṣe é lóru tàbí nígbà tí ẹ bá lọ jẹun.
- Ní Resolve, bí ẹ bá ń gbé iṣẹ́ jáde, ẹ rí i pé ẹ kò fàmì sí “Use proxy media”. Bí ẹ bá fàmì sí i, fídíò oníbàárà á jáde ní bàìbàì.

Fún géèmù, ẹ ti Chrome pa, ẹ dín Shadows kù, kí ẹ sì tan FSR tàbí DLSS, tó ń ya àwòrán ní kékeré kó tó fẹ̀ ẹ́ kí géèmù lè yára, bí géèmù náà bá ní in. Shadows nìkan lè dá FPS tó ṣe gúnmọ́ padà fún yín.

Bí gbogbo èyí kò bá tó, ó kan ọjà.

## Iná: ẹ má fò ó

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n kò sí bí graphics card ṣe lè dára tó tí iná burúkú kò ní pa á. Ewu mẹ́ta ló wà: iná tó lọ lójijì, iná tó dé pẹ̀lú agbára tó ga ju bó ṣe yẹ lọ, àti iná tó rẹlẹ̀ débi pé gílóòbù ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lásán. Iná 230V ló yẹ kó wà nínú ilé. Ẹ ra mita kékeré tó ń fi voltage hàn, kí ẹ ki í bọ ihò iná ní alẹ́ nígbà tí gbogbo àdúgbò ń lo iná, kí ẹ wo ohun tó máa sọ.

Ohun tó yẹ kó wà láàárín desktop yín àti ògiri:

- Stabilizer, bí iná àdúgbò yín bá ń rẹlẹ̀ tàbí tó ń fò.
- UPS, kí ẹ lè rí ìṣẹ́jú díẹ̀ fi pa iṣẹ́ yín mọ́ kí ẹ sì pa ẹ̀rọ náà bó ṣe yẹ.
- Power supply gidi (àpótí tó ń pín iná) nínú ẹ̀rọ náà. Ẹ wá àmì 80 Plus lára rẹ̀. Power supply tó fúyẹ́ lọ́wọ́ tí wọ́n kọ 700W sí lára kò lè gbé 700W. Ibí yìí gan-an ni àwọn tó ń to kọ̀ǹpútà ti máa ń fẹ́ fi owó pamọ́, òun ló sì lè kó gbogbo ìyókù lọ.

Bí ẹ bá ń ra UPS, iye wáàtì ni kí ẹ wò, ẹ má wo VA. UPS tí wọ́n kọ 650VA sí lára kì í sábà gbé tó 400W. Desktop tó ní Ryzen 5 5600 àti RTX 3060 á máa jẹ nǹkan bí 300W nígbà géèmù: graphics card náà nìkan ń jẹ 170W. Ẹ fi monitor kún un.

Ẹ̀yin tó ń lo inverter àti sólà, ẹ ṣe ìṣirò yìí kí ẹ tó gba iṣẹ́ tó ní gbèdéke. Bátìrì 12V, 200Ah jẹ́ 2400Wh. Bó bá jẹ́ bátìrì olómi-asíìdì, ìdajì rẹ̀ ni kí ẹ lò kó má baà tètè kú, ó di 1200Wh. Ẹ̀rọ tó ń jẹ 300W á lò ó tán ní wákàtí 4 lórí ìwé. Ẹ yọ ohun tí inverter fúnra rẹ̀ ń jẹ kúrò, ó lé díẹ̀ ní wákàtí 3. Inverter pure sine wave ni kó jẹ́. Power supply tó dára kì í fẹ́ràn àwọn tó ń ṣe iná onígun.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní I-pass-my-neighbour kò tó kìlówáàtì kan, iná rẹ̀ sì ń lọ sókè sódò bí fáànù tàbí fíríìjì bá ṣe ń wọlé. Ẹ lè fi ṣájà laptop ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ bó bá di dandan. Desktop oní-graphics card, rárá. Nígbà tí iná bá sì dé, ẹ dúró ìṣẹ́jú 5 kí ẹ tó tan ẹ̀rọ: ìgbà tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló máa ń fò jù.

## SSD: ìyípadà tí ẹ ó rí lójú ẹsẹ̀

Hard disk tó ń yí máa ń gbé nǹkan bí 100 sí 150MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. SSD SATA ń gbé nǹkan bí 550MB. NVMe PCIe 3.0 tó dára, irú SSD tó yára ju SATA lọ, ń dé 3500MB. Ẹni tó bá kúrò lórí hard disk bọ́ sórí SSD SATA lásán á rò pé òun ra kọ̀ǹpútà tuntun. Láti SATA sí NVMe, ìyàtọ̀ wà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ géèmù kò ní jẹ́ kí ẹ rí i. Tí owó bá kéré, ẹ ra SATA kí ọkàn yín balẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún M.2, ihò pẹlẹbẹ tí SSD kékeré ń wọ̀. Kì í ṣe gbogbo ihò M.2 ló ń gba NVMe. Àwọn kan wà tó jẹ́ SATA nìkan, pàápàá nínú laptop àtijọ́. Ẹ fi orúkọ àti nọ́mbà laptop yín wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì wo bó ṣe gùn tó: 2280 (80mm) ló wọ́pọ̀, àmọ́ àwọn laptop kan kò gbà ju 2242 (42mm) lọ.

Bí ẹ ó ṣe gbé Windows lọ sórí SSD:

1. Ẹ kó fáìlì pàtàkì yín sórí disk mìíràn.
2. Ẹ wọ inú àkáǹtì Microsoft yín, kí ẹ da BitLocker recovery key kọ. Ọ̀pọ̀ laptop Windows 11 ló ti tan ìtìpa yìí láìsọ fún oní-nǹkan. Láìsí kọ́kọ́rọ́ yìí, gbogbo fáìlì yín lè tì mọ́ inú disk.
3. Ẹ fi wáyà USB-sí-SATA tàbí àpótí NVMe so SSD tuntun mọ́ ẹ̀rọ.
4. Ẹ fi sọ́fítíwìà Clonezilla da gbogbo rẹ̀ kọ. SSD tuntun kò gbọdọ̀ kéré ju disk àtijọ́ lọ.
5. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ pààrọ̀ disk, ẹ tan án.
6. Ẹ má nu disk àtijọ́ títí ọ̀sẹ̀ méjì á fi kọjá.

Bí Windows yín bá ti kún fún ìdọ̀tí, mo fara mọ́ kí ẹ gbé Windows tuntun sórí SSD ju kí ẹ da èyí tó ti bàjẹ́ kọ. Ẹ má sì lo SSD títí kó kún: ẹ fi bíi 15% sílẹ̀ lófìfo, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á máa fà.

## RAM

Adobe, tó ni Premiere, dábàá 16GB fún fídíò HD àti 32GB fún 4K. Blackmagic, tó ni Resolve, béèrè 16GB fún un, 32GB bí ẹ bá ń lo Fusion, apá rẹ̀ fún iṣẹ́ effects. Fún géèmù, 16GB tó ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Kí ẹ tó rà á:

- DDR3, DDR4 àti DDR5 kò wọ ihò ara wọn. Task Manager, lábẹ́ Memory, á fi iyàrá hàn yín àti bóyá ihò ṣófo; sọ́fítíwìà CPU-Z á sọ irú èyí tó jẹ́.
- RAM laptop kúrú, ti desktop gùn. Wọn kì í pààrọ̀ ara wọn.
- Laptop kan wà tí wọ́n ti jó RAM mọ́ pátákó. Kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí irú rẹ̀ àfi kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó rà á.
- Ègé méjì 8GB sàn ju ègé kan 16GB lọ. Fún ẹ̀rọ tí kò ní graphics card tirẹ̀, bíi Ryzen 5 5600G, ìyàtọ̀ yìí pọ̀ gan-an nínú géèmù.
- Lẹ́yìn tí ẹ bá fi í sí desktop, ẹ wọ BIOS (ètò tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó dìde) kí ẹ tan XMP tàbí EXPO, kí RAM lè sáré dé iyàrá rẹ̀. Ẹni tó ra 3200 tí kò tan án lè máa lo 2133 títí ayé láìmọ̀.

## Graphics card

Níbí ni ìfẹ́ ọkàn ti máa ń ṣáájú ìṣirò. Ẹ kọ́kọ́ wo inú àpótí ẹ̀rọ yín.

Ọ̀pọ̀ desktop tòkunbọ̀ tó wà lọ́jà jẹ́ ti ọ́fíìsì: Dell OptiPlex, HP EliteDesk, HP ProDesk. Ẹ̀rọ tó lágbára ni wọ́n, mo sì fẹ́ràn wọn, àmọ́ àwọn tínínrín nínú wọn kò gba káàdì tó ga. Low profile, ìyẹn káàdì kúkúrú, nìkan ló wọ̀ wọ́n. Power supply inú wọn kéré, wọn kì í sábà ní wáyà iná fún graphics card, ẹnu wáyà wọn sì yàtọ̀ sí ti gbogbo ayé, nítorí náà ẹ kò lè kàn ra power supply ńlá kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ihò PCIe fúnra rẹ̀ kò gbé ju 75W lọ. Fún irú ẹ̀rọ yìí, GTX 1050 Ti tàbí GTX 1650 low profile tí kò béèrè wáyà iná ló bá a mu. 4GB ló ní. Yóò gbá EA FC, yóò ṣe Valorant. Kò ní lè gbé géèmù ńláńlá tuntun bó ṣe yẹ.

Fún desktop tó ní àyè, ẹ tẹ̀ lé èyí:

1. Ẹ wọn gígùn àyè inú rẹ̀, kí ẹ fi wé gígùn káàdì.
2. Ẹ ka iye wáàtì lára power supply, kí ẹ sì wò ó bóyá ó ní wáyà onírin 6 tàbí 8. Nvidia dábàá 550W fún RTX 3060.
3. Ẹ wá VRAM (RAM inú graphics card) 8GB sókè fún géèmù 1080p àti fídíò 4K.
4. Bí fídíò bá ni oúnjẹ òòjọ́ yín, Nvidia ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí NVENC tó ń mú gbígbé fídíò jáde yára, àti CUDA tí sọ́fítíwìà ń fi lo káàdì fún ìṣirò. Resolve pàápàá gbára lé graphics card ju Premiere lọ.

Ibi tí wọ́n ti ń tanni jẹ: RTX 3060 jáde ní 2021 pẹ̀lú 12GB, lẹ́yìn náà ni oní-8GB dé, kò sì yára tó ti àkọ́kọ́. RX 580 kan wà tó jẹ́ “2048SP”. Ojúlówó RX 580 ní shaders (ẹ̀yà ìṣirò inú káàdì) 2304. RTX 3060 ti laptop ní 6GB, kò sì lágbára tó ti desktop bó tilẹ̀ jẹ́ orúkọ kan náà. Sọ́fítíwìà GPU-Z á fi gbogbo èyí hàn yín, ó sì tún máa ń kọ FAKE síwájú orúkọ bó bá rí i pé wọ́n ti yí BIOS káàdì náà padà.

Ẹ̀yin tó ń lo laptop, graphics card yín kì í pààrọ̀. Ẹ fi owó yẹn sí SSD àti RAM, tàbí kí ẹ tọ́jú rẹ̀ de ẹ̀rọ mìíràn.

## Processor, ní ṣókí

Motherboard, pátákó àgbà inú ẹ̀rọ, ló ń pinnu èyí tó lè wọ̀ ọ́. Èyí tó ní ihò LGA1700 gba Intel ìran 12, 13 àti 14. Èyí tó ní ihò AM4 gba Ryzen (processor AMD) títí dé ìran 5000, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe BIOS rẹ̀ ní tuntun. Ẹ má ṣe BIOS ní tuntun láìsí UPS: bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́ náà, motherboard lè kú síbẹ̀.

Ẹ̀dítọ̀ tó bá fẹ́ Intel, ẹ yẹra fún èyí tí lẹ́tà F gbẹ̀yìn nọ́mbà rẹ̀. i5-12400F kò ní graphics inú, nítorí náà kò ní Quick Sync, ẹ̀yà Intel tó ń mú kíka fídíò yára; i5-12400 ní in. Bí kámẹ́rà yín bá ń ya 4:2:2 10-bit (fídíò tó kó àwọ̀ púpọ̀), Quick Sync Intel láti ìran 11 ń ka ti HEVC (H.265) dáadáa. Graphics card Nvidia tó ṣáájú RTX 50 kò lè kà á. Nígbà mìíràn, ohun tó ń mú kí fídíò kámẹ́rà tuntun máa fà lórí ẹ̀rọ olówó ńlá nìyẹn.

## Bí ẹ bá fẹ́ ra odindi ẹ̀rọ tòkunbọ̀

Bóyá Takie ni ẹ ti rà á, tàbí Ìlọrin, tàbí Computer Village ní Ìkẹjà, àyẹ̀wò kan náà ni. Microsoft ti dẹ́kun àtìlẹ́yìn fún Windows 10 láti ọjọ́ 14 Oṣù Kẹwàá 2025. Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò inú ẹ̀rọ) àti Intel ìran 8 tàbí Ryzen 2000 sókè. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi “Core i7” nìkan tàn yín. I7 ìran 4 kò sí lórí àkójọ náà, bí Valorant yín bá sì wà lórí Windows 11 láìsí TPM 2.0 àti Secure Boot (ètò ààbò nígbà tí ẹ̀rọ ń tàn), kò ní ṣí.

HP Z440 oní-Xeon (processor Intel fún ẹ̀rọ iṣẹ́ ńlá) wà lọ́jà bákan náà, power supply rẹ̀ sì lè tó 700W. Fún render, ìyẹn gbígbé fídíò jáde, ó dára púpọ̀. Àmọ́ Xeon E5-1650 v3 inú rẹ̀ jẹ́ ti 140W, kò ní Quick Sync, Windows 11 kò kà á kún, RAM Registered ECC ni ẹ ó sì máa wá, èyí tí kò bá RAM desktop lásán lọ. Bí iná yín bá jẹ́ ti bátìrì, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ gbé flash tí àwọn sọ́fítíwìà àyẹ̀wò CPU-Z, GPU-Z, CrystalDiskInfo àti FurMark wà lórí rẹ̀ dání. Ẹ kí ọlọ́jà dáadáa, kí ẹ sì sọ ọ́ ní gbangba: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú lójú mi kí n tó sanwó.” Bó bá ní, “Àbúrò, a ti dán an wò kó tó dé ibí,” ẹ dá a lóhùn pé, “Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí èmi náà rí i.” Ọlọ́jà tó mọ ohun tó ń tà kì í bínú sí èyí. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Ẹ wo:

- Nọ́mbà processor nínú CPU-Z, kó bá ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ mu.
- Iye RAM àti iye ègé tó jẹ́.
- Health àti Power On Hours disk nínú CrystalDiskInfo.
- FurMark fún ìṣẹ́jú 10: kí ojú ẹ̀rọ má dúdú, kí ìlà aláràbarà má yọ.
- Gbogbo ihò USB, HDMI, àti ihò ẹ̀tí-ìgbọ́ràn.
- Laptop: ẹ yọ ṣájà nígbà tó wà ní títàn. Bó bá kú lójú ẹsẹ̀, bátìrì ti lọ.
- Rìsíìtì tó ní serial number àti ọjọ́ tí ẹ lè dá a padà.

## Àyè fún fídíò

Kámẹ́rà tó ń ya 4K ní 100Mbps ń jẹ 45GB ní wákàtí kan. Kámẹ́rà méjì níbi ìgbéyàwó wákàtí 5 jẹ́ 450GB. Ẹ ṣe ẹ́dìtì lórí SSD, ẹ kó iṣẹ́ tó ti parí sórí hard disk ńlá, kí ẹ̀dà kejì sì wà ní ilé mìíràn. Ẹ má format káàdì kámẹ́rà kí ẹ̀dà méjì tó wà. Kò sẹ́ni tó lè tún ìgbéyàwó ọmọ ọlọ́mọ ṣe.

## Gbígbé e délé, títú u, àti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Bí ẹ bá ń gbé desktop bọ̀ láti Ìkẹjà tàbí Ìbàdàn nínú mọ́tò, ẹ yọ graphics card rẹ̀ kí ẹ wé e lọ́tọ̀. Káàdì tó wúwo lè fa ihò rẹ̀ ya bí mọ́tò bá ń já sí kòtò.

1. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ wáyà, ẹ tẹ bọ́tìnì iná fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 kí iná inú rẹ̀ tán. Bó bá jẹ́ laptop, ẹ yọ ẹnu bátìrì kúrò lára motherboard.
2. Ẹ fọwọ́ kan irin àpótí kí ẹ tó fọwọ́ kan RAM tàbí káàdì, pàápàá nígbà ọyẹ́. Iná bíńtín tó máa ń ta wá nígbà tí a bá bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì oníláílọ́ọ̀nù lè ba RAM jẹ́ láìjẹ́ kí ẹ mọ̀.
3. Ẹ ya fọ́tò gbogbo wáyà kí ẹ tó yọ wọ́n.
4. Ẹ tẹ RAM wọlé títí ẹ ó fi gbọ́ “kọ́”. Bí ẹ̀rọ kò bá tàn, RAM tí kò wọlé tán ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.
5. Ẹ ki wáyà iná graphics card bọ̀ ọ́ kí ẹ tó tan án, kí wáyà monitor sì wà lára graphics card fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ki í sára motherboard ń lo graphics inú processor, á sì máa rò pé wọ́n ta ayédèrú fún òun.

Nígbà tó bá ti tàn, ẹ jẹ́ kí sọ́fítíwìà MemTest86 ṣiṣẹ́ ní òru kan lórí RAM tuntun. Àṣìṣe kan ṣoṣo tó bá fi hàn ti tó láti dá a padà. Fún graphics card, ẹ ṣe géèmù gidi tàbí render gidi lórí rẹ̀ lójoojúmọ́ kí ọjọ́ ìdápadà tó wà lórí rìsíìtì tó pé, kí ẹ sì máa fi HWiNFO wo ìgbóná rẹ̀. Ẹ tọ́jú páálí àti rìsíìtì títí ọjọ́ náà á fi kọjá.